Omi Inú Iyọ̀

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìbínú tíṣà kẹ́mísírì, ẹ kọ ìdáhùn síwájú rẹ̀, kí ẹ má sì sọ ohun tí ẹ kà. "Méjì." Méjì kín ni? Gíráàmù ni, àbí móòlù, àbí mólékù? Mo ti bi àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ìbéèrè yìí títí ohùn mi fi há, wọ́n sì ti fi sọ mí lórúkọ. Méjì-Kín-Ni ni wọ́n ń pè mí bí mo bá kẹ́yìn sí wọn. Mo ń gbọ́. N kò dá wọn lóhùn rí, nítorí orúkọ náà bá mi mu.

Gíráàmù ni ojú ń rí, bí mo ṣe máa ń sọ fún wọn nìyẹn. Ẹ gbé nǹkan sórí òṣùwọ̀n, ó sọ iye tó wọ̀n, ó tán. Ṣùgbọ́n ara èèyàn kò mọ gíráàmù. Iye mólékù tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ara mọ̀. Mólékù kéré débi pé kò sẹ́ni tó lè kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, ìdí nìyẹn tí a fi ń kó wọn jọ sí móòlù bí ẹlẹ́yin ṣe ń kó ẹyin jọ ní dọ́sìnnì, àfi pé dọ́sìnnì tiwa yìí jẹ́ mẹ́fà tí òdo mẹ́tàlélógún tẹ̀ lé. Ẹni tó bá fẹ́ ti orí gíráàmù dé orí mólékù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí móòlù kan nǹkan náà wọ̀n. Àwọn ọmọ á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á ní ó ti yé àwọn, wọn á sì ti gbàgbé kí aago tó lù.

Àbúrò mi obìnrin kò gbàgbé rí. Òun ni àbíkẹ́yìn wa, ọsibítù ló sì ń bá ṣiṣẹ́, nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń pín oògùn. Abẹ́rẹ́ láti ilé iṣẹ́ ńlá kì í dé déédéé, nítorí náà àwọn ló ń po èyí tí wọ́n bá lè pò fúnra wọn. Tirẹ̀ ni kí ó wọn iyọ̀, kí ó dà á sínú omi tó mọ́, kí ó rò ó, kí ó sẹ́ ẹ, kí ó rọ ọ́ sínú igò. Ó mọ iṣẹ́ náà dójú àmì. Àní nílé, kì í bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ kó má fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí ṣíbí rẹ̀ kó tẹ́jú. Ìyàwó ló sọ ọ́ ní Gíráàmù nítorí ìyẹn. Bó bá ti gbúròó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, yóò ní, "Ẹ gbé iyọ̀ pamọ́, Gíráàmù ti dé." Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ṣe ń pè é ní Gíráàmù, tí òun náà sì ń jẹ́.

Ìyàwó tí mò ń wí yìí ni aya àbúrò mi ọkùnrin, ẹni tó tẹ̀ lé mi, tó jẹ́ télọ̀. Oyún wọn pẹ́ kó tó dé. Wọ́n ti dúró dè é títí àwọn èèyàn fi dákẹ́ ìbéèrè, ìdákẹ́jẹ́ yẹn sì burú ju ìbéèrè lọ. Nígbà tó wá dé, Télọ̀ kò lè pa ayọ̀ rẹ̀ mọ́ra. Gbogbo àjákù aṣọ tó bá ṣẹ́ kù lára aṣọ oníbàárà ló fi ń rán aṣọ ọmọ. Mo sọ fún un pé ọmọ tó ń bọ̀ yìí yóò wọ aṣọ gbogbo àdúgbò sára kó tó mọ ìrìn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ń rán an lọ.

Nígbà tí oyún wọ oṣù kẹjọ, ẹ̀jẹ̀ Ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í ru. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ wú. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí mo wà níwájú kíláàsì, Télọ̀ pè mí pé gìrì ti mú un nínú ilé ìwẹ̀, àwọn sì ti gbé e dé ọsibítù. Gìrì aboyún kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ó ń pa ìyá, ó ń pa ọmọ. Oògùn rẹ̀ tó dáa jù sì rọrùn gan-an: iyọ̀ magnísíọ̀mù ni, iyọ̀ funfun kan báyìí, tí wọ́n ń yọ́ sínú omi tí wọ́n sì ń fà sí aboyún lára díẹ̀díẹ̀. Bó bá mọ níwọ̀n, gìrì á lọ. Bó bá pọ̀ jù, iṣan á bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀. Ti ẹsẹ̀ á kọ́kọ́ dẹ̀, lẹ́yìn náà ti ahọ́n, lẹ́yìn náà èyí tí a fi ń mí. Ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀sì fi ń mú òòlù rọ́bà kékeré dání, tó ń gbá a mọ́ orúnkún aboyún lóòrèkóòrè. Bí ẹsẹ̀ bá ta, kò séwu. Èmi mọ gbogbo èyí nítorí pé Gíráàmù kì í sọ nǹkan mìíràn bó bá ń jẹun.

Nígbà tí mo dé wọ́ọ̀dù ní ọ̀sán, ẹfun ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ìyàwó lajú. Igò kan ń kán lókè orí rẹ̀. Télọ̀ ti sáré lọ sílé láti kó aṣọ àti ìbora wá.

"Tíṣà wa, ẹ káàbọ̀," ó ní. "Méjì kín ni?"

"Ìwọ ni kó o sọ fún mi. Ọmọ méjì ni?"

"Ọ̀kan ṣoṣo ni, ẹ má yà mí lẹ́nu o." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ń fà lẹ́nu rẹ̀. "Ara mi ń gbóná bí ẹni jókòó ti iná. Nọ́ọ̀sì ní bí oògùn náà ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ojú mi sì wúwo."

Mo sọ fún un pé kó sinmi, kó má sọ̀rọ̀ púpọ̀. Inú mi dùn pé kò gbọ̀n mọ́. Mo wo ọwọ́ rẹ̀, mo rí i pé ó sinmi jẹ́ẹ́ lórí aṣọ ibùsùn, mo sì dúpẹ́.

Ibẹ̀ ni Gíráàmù ti wọlé, nínú aṣọ funfun iṣẹ́ rẹ̀. Ó kí mi, ó tẹ́ aṣọ ibùsùn dáadáa, ó gbójú sókè wo igò tó ń kán bí ìyá ọmọ ṣe ń wo ọmọ rẹ̀ lórí ìtàgé ilé ìwé.

"Tèmi ni, Àǹtí mi," ó ní. "Òwúrọ̀ yìí ni mo pò ó. Ó ku igò kan nínú ti àtijọ́, ṣùgbọ́n mo ní rárá, ẹ má fún ìyàwó wa ní ìsàlẹ̀ ìkòkò. Tuntun ni kí ẹ fún un. Àní ife gíláàsì tí mo fi rò ó gan-an móoru lọ́wọ́ mi, àfi bí ẹni pé ó mọ ẹni tí mò ń pò ó fún."

Ìyàwó rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ojú tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

"Ó móoru?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Omi tó ń jáde lára ẹ̀rọ ni. Wọ́n ń sè é kó tó mọ́, kì í sì í tutù tán kí n tó lò ó."

"Kó o tó da iyọ̀ sí i ló móoru, àbí lẹ́yìn tó o dà á sí i?"

Mo rí i tó ń rántí. Ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ síwájú ara rẹ̀, ó ká àwọn ìka rẹ̀ bí ẹni di ife mú.

"Lẹ́yìn tí mo dà á sí i," ó ní. "Ó tún gbóná sí i."

Iyọ̀ yẹn kì í gbóná. Ọdọọdún ni mo ń fún àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ife omi, tí mo ń ní kí wọ́n da iyọ̀ magnísíọ̀mù sí i, kí wọ́n sì rọra fi ọwọ́ bò ó. Ife náà á tutù títí wọ́n á fi máa pariwo. Ọ̀kan ṣoṣo ló ń gbóná, èyí tí wọ́n ti yan títí omi ara rẹ̀ fi tán. Ìyẹn, bó bá rí omi, á gbà á mọ́ra, á sì yọ ooru.

"Agolo tuntun ni ẹ já?" mo bi í.

"Láàárọ̀ yìí ni."

A kò sáré. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n, nítorí pé ó ń dùn mí títí di òní. A rìn kíákíá gba àgbàlá kọjá, nítorí ọsibítù ni, èèyàn kì í sáré níbẹ̀ kí gbogbo ojú má yí sí i, àwa méjèèjì sì ṣì ń rò pé ó lè má jẹ́ nǹkan kan.

Ọ̀gá rẹ̀, apòògùn, wà nínú yàrá náà. Páálí kan wà lára ògiri tó ti pọ́n nítorí pípẹ́: igba gíráàmù iyọ̀, fi omi kún un dé lítà kan. Gíráàmù gbé agolo méjèèjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Lára ti àtijọ́, wọ́n kọ orúkọ iyọ̀ náà, àmì tóótó kan, tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, tẹ̀ lé e, lẹ́yìn rẹ̀ ni omi méje. Lára tuntun, wọ́n kọ orúkọ iyọ̀ náà. Kò sí tóótó, kò sí omi.

"Iyọ̀ kan náà ni," Ọ̀gá ní. "Èyí tilẹ̀ dáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kì í dì."

Mo fẹ́ gbá a létí. Kí ẹ gbọ́ bó ṣe rí: bí ẹ bá lọ ra ẹ̀pà ní kílò kan, ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá èyí tó wà nínú èèpo ni tàbí èyí tí wọ́n ti bó. Òṣùwọ̀n yóò sọ pé kílò kan ni méjèèjì. Ikùn ni yóò mọ̀ pé wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Mólékù iyọ̀ ti àtijọ́ kọ̀ọ̀kan di mólékù omi méje mọ́ra, ju ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ lọ ló sì jẹ́ omi lásán. Ẹni tó kọ páálí ara ògiri yẹn ti ka omi náà mọ́ ọn. Tuntun yìí ni wọ́n ti bó.

Mo fi bírò ṣe é sí àtẹ́lẹwọ́ mi, lórí ẹfun. Móòlù kan ti àtijọ́, gíráàmù 246. Fi 246 pín igba, ó lé díẹ̀ ní mẹ́jọ nínú mẹ́wàá móòlù kan, ìyẹn á tó. Móòlù kan tuntun, gíráàmù 120. Fi 120 pín igba, móòlù kan àti méjì nínú mẹ́ta. Mo sọ ọ́ di mólékù, bí mo ṣe máa ń fi agbára mú àwọn ọmọ mi ṣe é. Ọ̀kan tí òdo mẹ́rìnlélógún tẹ̀ lé. Ìlọ́po méjì ohun tí dókítà ní kí wọ́n fún un, nínú igò kan tó mọ́ lóló, tí kò yàtọ̀ lójú, tí kò yàtọ̀ nínú òórùn.

Gíráàmù ka ohun tó wà ní àtẹ́lẹwọ́ mi. Kò dúró kí n là á yé e. Ìgbà yìí ni a wá sáré.

Nọ́ọ̀sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn pẹ̀lú òòlù rẹ̀. Ó gbá orúnkún Ìyàwó. Ẹsẹ̀ kò ta. Ó tún un gbá.

"Oorun ti gbé e lọ," nọ́ọ̀sì ní. "Ó ti rẹ̀ ẹ́."

Gíráàmù fi ìka méjì ká rọ́bà tó ti ara igò wá pa, ó sì fà á yọ. "Ó ti pọ̀ jù," ó ní. "Ìlọ́po méjì ni. Èmi ni mo pò ó. Ẹ fún un ní kálísíọ̀mù." Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Mo tẹ etí mọ́ imú Ìyàwó. Ó mí. Mo dúró de èkejì, mo sì dúró, mo sì dúró.

Wọ́n fún un ní kálísíọ̀mù, èyí tó ń bá oògùn yẹn jà. Wọ́n gbé àpò rọ́bà tó ń ti atẹ́gùn wọ inú èèyàn bò ó nímú, Gíráàmù ló sì ń tẹ̀ ẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́, títí wọ́n fi tì í kúrò níbẹ̀. Dókítà ní kíndìnrín rẹ̀ kò tu oògùn náà síta láti òwúrọ̀, gbogbo rẹ̀ ló kó jọ sí i lára. Wọ́n gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Wọ́n gbé ọmọ obìnrin kan jáde, ó dẹ̀ bí aṣọ tútù, wọ́n fi ọwọ́ ra á lẹ́yìn títí ó fi ké. Ìyá rẹ̀ kò jí láti gbọ́ ọ. Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tí wọ́n wá pè wá, wọ́n ní Ìyàwó ti dákẹ́. Télọ̀ ti dé nígbà náà, pẹ̀lú àpò aṣọ ọmọ lọ́wọ́, ó sì ń bi gbogbo èèyàn pé kín ló ṣẹlẹ̀.

Ọ̀gá bá èmi àti Gíráàmù ní kọ̀rídọ̀. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa á," ó ní. "Ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń pa wọ́n. Kí ẹnikẹ́ni má ba ayé ara rẹ̀ jẹ́ lórí ohun tí kò lè jí òkú dìde."

Mo sọ fún un pé tó bá tún sọ ọ̀rọ̀ yẹn, ohùn mi yóò dé ẹnu ọ̀nà àbáwọlé. Lẹ́yìn náà ni mo padà lọ sí yàrá yẹn, mo gbé agolo tuntun náà sábẹ́ apá, mo gbé e lọ sórí tábìlì dókítà, mo sì fi ìka tọ́ ibi tí omi kò sí hàn án. Dókítà kà á. Ó fi ọwọ́ bo ojú. Ó ní àwọn yóò kó gbogbo igò tó kù kúrò nílẹ̀, wọ́n sì kó o.

Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún Télọ̀. Dókítà ní òun yóò pè é. A sin Ìyàwó, dókítà kò tíì pè é. Gbogbo ìgbà yẹn ni Gíráàmù wà nílé Télọ̀, tó ń tọ́jú ọmọ. Òun ló ń po mílíìkì rẹ̀, tó ń wẹ̀ ẹ́, tó ń gbé e sáyà kó sùn. Télọ̀ kò yé dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń sọ fún àwọn tó wá bá a kẹ́dùn pé àbúrò òun gan-an ló fọwọ́ ara rẹ̀ po oògùn tó dá gìrì dúró, pé àwọn ìbátan mìíràn kò ní ẹni bẹ́ẹ̀. Bó bá ti sọ ọ́, Gíráàmù á dìde kúrò nínú yàrá. Inú ń bí mi sí i, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí, n kò mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì.

Ní òwúrọ̀ kan tí àlejò kò tíì dé, Télọ̀ jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ láìrán nǹkan kan. Ó tún bẹ̀rẹ̀. "Gíráàmù, o ṣé. Ìyàwó fi ẹ́ yangàn títí dé òpin. Nọ́ọ̀sì sọ fún mi pé tuntun lo mú fún un."

"Bùọ̀dá, tuntun yẹn ló pa á."

Télọ̀ gbójú sókè.

"Iyọ̀ tí a máa ń lò, omi wà nínú rẹ̀," Gíráàmù ní. Ó dúró gbọnrangandan láàárín yàrá. "Tuntun yẹn kò ní. Mo wọ̀n ọ́n bí ẹni pé ó ní. Ibi tó yẹ kí omi wà, iyọ̀ ló wà níbẹ̀. Ìlọ́po méjì ni. Wọ́n kọ ọ́ sára agolo, mi ò wò ó. Ó gbóná mọ́ mi lọ́wọ́, mo ní omi ẹ̀rọ ni."

"Omi," Télọ̀ ní.

"Omi ni."

"Omi lásán."

"Omi lásán, Bùọ̀dá."

Télọ̀ yíjú sí mi. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó gbé síṣọ́ọ̀sì tó wà lórí tábìlì, ó tún un gbé kalẹ̀ sí ibi tó ti mú un. Mo ń retí kó pariwo. Ì bá pariwo, ọkàn mi ì bá balẹ̀ díẹ̀.

Ọmọ ké nínú yàrá kejì. Gíráàmù yà síbi tí agolo mílíìkì wà, kò ronú sí i, bó ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ nìyẹn. Ó da omi gbígbóná láti inú fúláásì sínú igò ọmọ, ó da títutù lé e. Ó bu ìyẹ̀fun mílíìkì kún ṣíbí rẹ̀, ó sì fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ kó tẹ́jú.

Télọ̀ dìde. Ó kọjá láàárín aṣọ tó wà nílẹ̀, ó sì gba ṣíbí náà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò já a gbà. Ó rọra gbà á ni.

"Jókòó," ó ní. Kò pè é ní Gíráàmù. Ó na ṣíbí náà sí mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pò ó."

Mo ka ohun tó wà lára agolo náà. Mo tún un kà. Ìyẹ̀fun dà sílẹ̀ lórí tábìlì, mo sì tún un bù. Àbúrò wa ti jókòó sórí àga lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí itan, àtẹ́lẹwọ́ wọn sì kọjú sókè.

"Ẹ kán an sí ẹ̀yìn ọwọ́ yín kẹ́ ẹ tó fún un, Àǹtí mi," ó ní. "Kó má gbóná."

Mo kán an sí ẹ̀yìn ọwọ́ mi. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bó ṣe yẹ kó rí. Ọmọ náà ń ké, bàbá rẹ̀ gbé e wá, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, mo sì gbé igò náà sókè, n kò sì tètè lè fi í sí i lẹ́nu.